Bí Mo Ṣe Wọ Ilé Bàbá Kọ̀jó Lẹ́ẹ̀mejì ní Lomé

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí lọ́dún tí ìjọba ti ẹnubodè pa, tí mo sì rìnrìn-àjò lọ sí Lomé, olú-ìlú Tógò. Kí ó tó di ìgbà náà, Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ni ibi tó jìnnà jù tí mo dé rí ní apá ọ̀hún, aṣọ ni mo sì lọ rà níbẹ̀, mo padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà fún ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ, ní Ọjà-Ọ̀dàn àti níhìn-ín ní Ìlaró. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìrìn-àjò náà jẹ́.

Àwọn tí mo lọ wò ni Dúpẹ́ àti ọkọ rẹ̀, Káyọ̀dé. Ọmọ Ayétòrò ni àwọn méjèèjì. Èmi àti Dúpẹ́ jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ọjà-Ọ̀dàn. Kíláàsì rẹ̀ fara kan tèmi, pákó pẹlẹbẹ nìkan ló wà láàrin wa, tó fi jẹ́ pé bí mo bá bi àwọn ọmọ tèmi ní ìbéèrè ìṣirò, àwọn tirẹ̀ á ti dáhùn láti òdìkejì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti wà ní Lomé nígbà tí mò ń wí yìí. Káfíńtà ni Káyọ̀dé, iṣẹ́ ló gbé e lọ. Dúpẹ́ kò lè jókòó lásán, ó dá jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, nínú àgbàlá ilé tí wọ́n háyà.

Lọ́dún náà ni onílé wọn kú. Àbúrò rẹ̀, Bàbá Kọ̀jó, di olórí ẹbí. Bàbá náà pè wọ́n, ó ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ ti wà lọ́dọ̀ wa, ẹnì kankan kò wá wò yín rí láti ilé. Ta ni èèyàn yín? Kí ọdún yìí tó parí, ẹ jẹ́ kí n rí ẹnì kan. Bí mi ò bá rí i, ẹ wá àgbàlá mìíràn."

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé àti àwọn àgbà méjì láti Ayétòrò múra láti lọ. Wọ́n ti di iṣu sínú ọkọ̀. Ni wọ́n bá ti ẹnubodè. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá, ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ló lè fẹsẹ̀ rìn kọjá. Orúnkún ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé kò sì gba ìrìn mọ́. Oṣù ń lọ, ọdún ń parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Dúpẹ́ pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí mi," ló wí, "ṣé orúnkún yín ṣì dáa?"

Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi orúnkún mi ṣe?"

"Mo fẹ́ kí ẹ fi rìn kọjá ẹnubodè ni."

Iṣu kò ní ìwé ìrìnnà

Mi ò ní fi ọkọ̀ tí mo wọ̀ àti iye ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ dá yín lágara. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣu nìkan.

Mo mọ̀ pé ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé iṣu mẹ́ta kì í ṣe ẹrù, ẹ̀bùn ni. Báwo ni mo ṣe máa lọ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òfo? Mo to iṣu mẹ́ta sínú àpò, mo fi láfún díẹ̀ lé e. Nínú àpò kejì ni aṣọ mi wà, pẹ̀lú ìgò omi mẹ́rin tí mo sè fúnra mi, tí mo sẹ́, tí mo jẹ́ kí ó tutù kí n tó rọ ọ́. Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé omi ti tán ní Tógò ni. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, pé ẹni tí inú bá ń run ní ìlú onílùú kò ní rántí ẹ̀rín.

Ní Ìdìroko, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wo ìwé ìrìnnà mi, ó wo ojú mi, ó wo àpò mi. Ó kí mi dáadáa. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lè kọjá. Iṣu yín ni kò lè kọjá."

Mo ní, "Iṣu mẹ́ta péré ni, ọmọ mi."

Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, Màmá, iṣu ni."

Òótọ́ ló sọ. Bí ó bá jẹ́ pé kíláàsì mi ló wà, máàkì ni ǹ bá fún un. Mo gbé iṣu àti láfún padà sẹ́yìn, mo fi wọ́n pamọ́ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́bàá ọ̀nà, mo ní kí ó bá mi tọ́jú wọn títí n ó fi dé. Ó ní, "Màmá, bí ẹ kò bá tètè dé ńkọ́?" Mo ní kí ó jẹ wọ́n. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tètè dé.

Mo fẹsẹ̀ rìn kọjá. Mo fẹ́ tún ohun kan ṣe níbí, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé. Wọ́n máa ń sọ pé bí o bá ti kọjá ẹnubodè báyìí, ojú àjèjì ni gbogbo ènìyàn á fi wò ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìgólò, ní òdìkejì, obìnrin aláàkàrà tí mo kọ́kọ́ bá fi Yorùbá tó mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlaró lọ kí mi káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ló ro ẹjọ́ rẹ̀ sí mi létí.

"Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo tì í."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ẹ ó padà lọ bá ẹni tó tì í. Ẹ bá mi sọ fún un pé Ìyá Aláàkàrà ní òun kò rí ẹni ta àkàrà fún."

Mo ra àkàrà mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi méjì lé e, ó ní nítorí ẹsẹ̀ tí mo fi rìn ni.

Ìlú tó sún mọ́ òkun

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Lomé. Mo ti rí òkun rí ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìlú tí òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rẹ̀ báyìí, bí ẹni pé aládùúgbò ni. Àwọn ènìyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lórí alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì, òkun ń hó lápá kan, kò sí ẹni tó yíjú wò ó. Èmi nìkan ni mò ń wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àlejò ni mí.

Dúpẹ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Irun iwájú orí rẹ̀ ti funfun. Ó kúnlẹ̀, mo gbé e dìde, a sì dì mọ́ ara wa títí ọkọ rẹ̀ fi ní kí a jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ rí ọ̀nà kọjá. Yorùbá Dúpẹ́ ti ní orin mìíràn nínú, ó sì ń fi "fuwalà" parí ọ̀rọ̀ bí àwọn ará ibẹ̀. Mo bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Kò túmọ̀ sí nǹkan kan, Àǹtí. Ẹnu ló ń sọ ọ́."

Ní ti oúnjẹ, ẹ má bẹ̀rù. Àkúmẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, ìyẹn àgbàdo tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì rò le, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé kan tó ń fà bí ilá, tí wọ́n fi akàn àti ẹja sè. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfura lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì mo bi wọ́n bóyá ó ṣẹ́kù nínú ìkòkò. Dùndú ni wọ́n ń pè ní kóliko, ata tútù tí kò kan iná rí ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ata náà mú mi sunkún lójú títì, obìnrin tó ń tà á sì fi etí aṣọ rẹ̀ nù mí lójú bí ẹni tó ń nu ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan náà rí mi tí mò ń kọjá, ó nahùn sọ ọ̀rọ̀ kan. Dúpẹ́ túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní ẹ ṣé àná."

Inú mi dùn púpọ̀. Mo ní, "Ṣebí bí tiwa náà ni wọ́n ṣe ń ṣe." Wọ́n ń béèrè ọmọ, wọ́n ń béèrè ilé, wọ́n ń kí ẹni tó jókòó, wọ́n ń kí ẹni tó dìde. Láàárín ọjọ́ méjì, mo ti pinnu pé mo mọ̀ wọ́n tán. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà, àmọ́ mi ò tíì mọ̀.

Mo rí jẹ́lé-ó-sinmi Dúpẹ́. Bíi ogún ọmọ ló wà níbẹ̀, ọmọ àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní ìlú náà àti ọmọ àwọn aládùúgbò, wọ́n jókòó lórí àpótí kéékèèké tí Káyọ̀dé kàn fún wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán ẹranko lára àpótí tirẹ̀. Wọ́n fi èdè mẹ́ta kí mi tẹ̀ léra wọn. Mo tún bí ọmọ kan ṣe ń di ẹfun ìkọ̀wé mú ṣe, nítorí ọwọ́ mi kò lè gbé jẹ́ẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ sílé tán, Dúpẹ́ ń gbá ewé jọ.

Ó ní, "Àwọn kan ní kí a kúkú wá ibòmíràn lọ, kí a yé da ara wa láàmú. Igi yìí ni kíláàsì mi, Àǹtí. Mi ò lè gbé igi."

Ó ń gbálẹ̀ nìṣó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Káyọ̀dé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màmá, bí Bàbá Kọ̀jó bá bi yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kàn sọ pé ẹ̀gbọ́n ìyá Dúpẹ́ ni yín. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wò níbí."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ pé n ó ṣe é.

Ife omi kan

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn. Ilé Bàbá Kọ̀jó kò ju òpópónà méjì sí ti Dúpẹ́ lọ. Ilé alágbàlá ni, wọ́n gbá a mọ́ tónítóní, èyí tó wù mí. Bàbá náà jókòó sórí àga gíga kan lábẹ́ òrùlé iwájú ilé. Yóò ju ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin lọ, ó tínrín, ó wọ fìlà funfun, kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìjókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ jáde wá. Afí lorúkọ rẹ̀, obìnrin tó ti tó ẹni ogójì ọdún, tó ti bímọ. Ó gbé ife omi kan sórí àwo, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un wá. Ó dé iwájú mi, ó tẹríba. Lẹ́yìn náà ló gbé ife náà sẹ́nu ara rẹ̀, ó mu díẹ̀ níbẹ̀, ó wá nà án sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Mo rò pé wọn kò kọ́ ọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sì dìde nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo fi ọwọ́ ti ife náà padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, àbúrò mi. Àmọ́ ẹ ti fẹnu kan èyí. Bí a bá fẹ́ fún ènìyàn lómi, a ó kọ́kọ́ fọ ife, a ó bu omíràn, a kò ní fi ẹnu kàn án. Àìsàn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má ṣèyọnu, mo ní tèmi lọ́wọ́."

Mo ṣí àpò mi, mo mú ìgò omi mi jáde, mo sì mu ún lójú gbogbo wọn.

Dúpẹ́ ti pa ojú dé. Káyọ̀dé ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Afí dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Bàbá Kọ̀jó wo ìgò mi fún ìgbà díẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní èdè wọn, ó dìde, ó wọlé.

Mo ní, "Kí ni Bàbá wí?"

Káyọ̀dé gbé àpò mi. "Wọ́n ní a kú ìrìn, Màmá. Wọ́n ní kí a máa lọ sílé."

A ti ń lọ lójú ọ̀nà kí Dúpẹ́ tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í bi àlejò léèrè ohun tó bá wá àfi bí ó bá ti mu omi. Omi náà ló ń sọ pé àlàáfíà ló bá wá. Ẹni tó ń gbé e bọ̀ á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí ohun búburú níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ omi, ìjà ló bá wá. Ẹni tó bá sì mu omi ti ara rẹ̀ nínú ilé onílé, mi ò nílò kí ó parí èyí fún mi.

"Dúpẹ́," mo ní, "kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó dúró láàrin ọ̀nà. "Ọdún mọ́kàndínlógún, Àǹtí. Ó ti mọ́ mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rántí pé ohun tí ènìyàn ń kọ́ ni." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ẹkún ló ń sun, àfi ìgbà tí mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. "Ẹ bá Afí wí bí ọmọ kíláàsì kejì."

Káyọ̀dé ní, "Ọlọ́run ṣe é, kò gbọ́ Yorùbá."

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Nígbà tí a dé ilé, Dúpẹ́ lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àpótí náà lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ sì ń bọ̀. Mo jókòó nínú ilé, mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ènìyàn kan wá láti ilé. Mo wá, mo sì bà á jẹ́.

Mo tún dé

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Káyọ̀dé lọ bẹ̀bẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà dé. Ó ní Bàbá Kọ̀jó kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ jìnnà. Ohun tí Bàbá wí ni pé, "Mo gbọ́ pé ẹ ń retí àlejò láti ilé. Ẹni tí kò tíì mu omi kò tíì dé. Bí ó bá dé, kí ẹ mú un wá."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà mo wọ aṣọ mi tó dára jù. Dúpẹ́ ti dá àwọn ọmọ padà sílé lọ́jọ́ náà. Mo fi ìgò omi sílẹ̀ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n Dúpẹ́ mú un, ó ní kí n gbé e dání ní òfo, kí Afí lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

A dé ilé Bàbá Kọ̀jó. Géètì ṣí sílẹ̀. Mo wọlé tààrà, mo ń lọ síbi tí Bàbá jókòó sí láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó kù bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó gbé ọwọ́ sókè.

"Tíṣà," ó wí, Yorùbá ni ó fi sọ ọ́, ó sì já gaara. "Ẹ padà sí ẹnu géètì. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Ẹ wá wọlé dáadáa."

Káyọ̀dé yíjú sí mi pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, kò mọ̀ pé ìdílé náà ní ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Èmi ní tèmi, gbólóhùn yẹn ló wọ̀ mí lára. Èmi ni mo ni ín. Mi ò lè ka iye ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì mi, tó sáré wọlé láì kí ẹnikẹ́ni, tí mo gbé ọwọ́ sókè báyìí sí, tí mo ní kí ó padà síta kí ó tún wọlé dáadáa. Mi ò ronú rí bí ìrìn yẹn ṣe máa ń gùn tó lójú gbogbo kíláàsì. Ó gùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún gbogbo àwọn tí mo ṣe é fún pé mo ti mọ̀ báyìí.

Mo padà. Mo kan géètì. Afí jáde láti inú ilé bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó ní, "Wẹ̀zọ̀." Ìyẹn ni káàbọ̀ lédè wọn. Dúpẹ́ sọ sí mi létí pé kí n ní "Yoo." Mo ní, "Yoo." Wọ́n fún mi ní ìjókòó. Omi dé. Afí tẹríba, ó tọ́ ọ wò, ó wo ojú mi, mo sì rí i pé ẹ̀rín ń bẹ ní igun ẹnu rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Omi kànga ni, ó tutù, ó ní òórùn ewé díẹ̀. Mo mu ún, mi ò sì dá ẹnu dúró títí ife fi gbẹ.

Afí wo inú ife. Ó sọ nǹkan kan. Bàbá Kọ̀jó ní, "Ó ní díẹ̀ ni àwọn àlejò máa ń mu." Afí bu òmíràn wá. Mo mu ìyẹn náà tán, nítorí mi ò mọ̀ bóyá mo lè dá a padà. Ìgbà tó fẹ́ lọ bu ẹ̀kẹta ni Dúpẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Bàbá Kọ̀jó wá tún ara ṣe lórí àga rẹ̀. "Níbí, àlàáfíà ni. Ẹ̀yin ni ẹ ti ọ̀nà dé."

Bí wọ́n ṣe ń béèrè ohun tí àlejò bá wá nìyẹn, mo sì ro ẹjọ́ mi. Mo ní láti Ìlaró ni mo ti wá, nítorí Dúpẹ́ àti Káyọ̀dé, kí Bàbá lè rí i pé wọ́n ní èèyàn.

"Kí ni ẹ jẹ́ sí wọn?"

Mo mọ̀ pé Káyọ̀dé ń wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ní kí n sọ. Mo sì wo àgbàlagbà yìí, tó fún mi láàyè láti dé lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní, "Mi ò jẹ́ nǹkan kan sí wọn, Bàbá. Kò sí ẹ̀jẹ̀ láàrin wa. Kíláàsì Dúpẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nígbà kan."

Káyọ̀dé mí kanlẹ̀. Bàbá Kọ̀jó gbé ojú kúrò lára wa.

Ó ní ìgbà èwe òun, iṣẹ́ bíríkìlà ni òun ṣe káàkiri lọ́dọ̀ wa, ó dárúkọ Agosasa, ó dárúkọ Ìlaró. Ó ní ọdún kan, òun ṣubú láti orí ilé, òun dùbúlẹ̀ fún oṣù kan. Àwọn tó gba òun sílé tọ́jú òun. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bi òun pé, "Ta ni kí a ránṣẹ́ pè fún ọ?" Òun kò rí ẹni dárúkọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi tó kú, kò bi àwọn ènìyàn yìí rí," ó wí. "Èmi ni mo ń ronú rẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá já láti orí òrùlé, ta ni mo máa pè? Mi ò bi yín nítorí kí n lè lé wọn. Mò ń wá orúkọ kan." Ó wá wò mí. "Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ kì í ṣe ẹbí. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, ṣé ẹ ó wá?"

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti ẹnubodè, mo sì wá."

Ó rọra mi orí. Ó ké sí Afí, ó sì ní kí ó mú ìwé àti kálàmù wá. Ó kọ orúkọ mi fúnra rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù mi, ó ní kí n wò ó bóyá ó tọ̀nà. Ó fo àmì kan sílẹ̀ lórí orúkọ mi. Mo bá a tún un ṣe. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa tún un ṣe," ó wí. "Àgbàlá ti di tiwọn bí ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìgò yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ níbí."

"Ìgò òfo ni, Bàbá."

"Mo rí i. N ó fi mọ̀ pé ẹ ó padà wá gbà á."

Nílé

Mo lo ọjọ́ mẹ́rin sí i. Dúpẹ́ tú àwọn àpótí náà kalẹ̀ padà, mo sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní orin ìṣirò kan tí a máa ń kọ ní Ọjà-Ọ̀dàn. Ní àárọ̀ tí mò ń lọ, Afí sìn mí dé ìdíkọ̀. Ó gbé kóliko lé mi lọ́wọ́, a kò gbọ́ èdè ara wa, a sì sọ̀rọ̀ títí.

Ní Ìdìroko, ìyá ẹlẹ́kọ ti jẹ iṣu kan. Ó ní òun rò pé mo ti di ará Tógò. A pín méjì tó kù, ó mú ọ̀kan, mo mú ọ̀kan, ó sì dá láfún padà fún mi.

Láti ìgbà náà, mo ṣì ń se omi mi, mo ṣì ń sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé wá bá mi ní Ìlaró, omi ni mo kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀, n kò sì ní bi í léèrè nǹkan kan títí yóò fi mu ún. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé ara mi, mo tọ́ ọ wò kí n tó gbé e fún aládùúgbò mi. Ó wo ife, ó wò mí, ó ní, "Màmá Tíṣà, ṣé ẹ kò ti fẹnu kan èyí báyìí?" Ìtàn yìí ni mo sọ fún un, òun ló sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó kọ́ yín ní nǹkan. Bí ẹ bá ní ẹnì kan tó ń gbé ní ìlú onílùú, ẹ lọ wò ó, kí àwọn tó ń gbé láàrin wọn lè mọ orúkọ kan tí wọ́n máa pè. Kí ẹ tó wọ ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó mú yín lọ pé kí ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, pàápàá bí ẹ bá ti rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, tí wọ́n ní kí ẹ padà sí ẹnu géètì kí ẹ tún wọlé, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ padà. Èmi padà, ìgbà yẹn ni mo tó dé.